Epo pupa kọ́ ni oògùn ewúrẹ́ tó kó ọ̀tá-píà-píà jẹ

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn tó ń sin ẹran ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá ya oko ẹ̀wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ọ̀tá-píà-píà, oògùn apakòkòrò, sí, tó sì dojú dé, epo pupa ni ọ̀pọ̀ ń sáré gbé. Epo kì í pa májèlé yìí. Ó lè mú kí ara tètè fà á mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ẹran tó ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa: inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo ń gbà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹran náà dáadáa. Èyí tí àrùn kata ń ṣe, ara rẹ̀ a máa gbóná, ikun a dí i nímú, egbò a yọ lẹ́nu rẹ̀, fún ọjọ́ mélòó kan. Ti ọ̀tá-píà-píà kì í pẹ́ rárá. Láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí díẹ̀, itọ́ á máa dà, omi á máa bọ́ lójú, á máa tọ̀, á máa ṣu gbuuru; ọmọlójú rẹ̀ á sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, ẹran itan á máa jó lábẹ́ awọ. Oògùn náà ti so èròjà tó máa ń dá iṣan dúró mọ́lẹ̀, iṣan kò wá mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Àìlèmí ló ń pa á níkẹyìn.

Bí ó bá jẹ́ ara ni oògùn ti kàn án, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ ẹ́, tó ṣì ń gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní èédú oògùn (activated charcoal), kì í ṣe èédú ìdáná o, gíráàmù 1 sí 2 fún kílò kan: 20 sí 40 fún ewúrẹ́ oníkílò 20, kí ẹ pò ó mọ́ omi. Ẹ pe dókítà ẹran kíákíá, ẹ mú ìgò oògùn dání, nítorí abẹ́rẹ́ atropine tí a fi ń tako májèlé yìí kì í ṣe fún gbogbo apakòkòrò. Agbára rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí dókítà lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan.

Ká sòótọ́, ọwọ́ wa ló ń fà á jù: a ń fi ọ̀tá-píà-píà pa eégbọn lára ewúrẹ́, a ń da irúgbìn àgbàdo aláró tí wọ́n ti fi oògùn pò fún adìẹ, a ń gé kẹ́ẹ̀gì oògùn ṣe abọ́ omi. Ẹ ṣan kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì lu ú jálẹ̀.

Èyí tó bá ń kú lọ, ẹ má sáré dúńbú rẹ̀ fún ọbẹ̀ tàbí fún alápatà. Ẹ sin ín jìn, kí ajá má hú u.

Dókítà ẹran kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.