Abọ́ Alámì Ẹranko láti Etí Aṣálẹ̀

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú àtijọ́ o. Mo kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ìbejì náà. O béèrè nípa àwọn abọ́ amọ̀ tí mo rí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Silver City, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ará àfonífojì odò Mimbres ni ó mọ wọ́n, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1130. Wọn kò lo ẹ̀rọ tí ń yí amọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa náà kò ti lò ó. Wọ́n á fi omi amọ̀ funfun pa inú abọ́, wọ́n á sì ya àwòrán sí i kí wọ́n tó sun ún. Bí atẹ́gùn kò bá ráyè wọ iná, ọ̀dà náà á dúdú. Bí ó bá ráyè wọlé, á pọ́n.

Àwọn ẹranko inú wọn ni mo dúró wò pẹ́: ehoro, alángbá, àdán, àparò, tata, àti àgbò orí òkè oníwo kíká. Kò sí igi, kò sí koríko. Ẹranko nìkan ni ó ń dá wà nínú funfun gbalasa. Ehoro kan wà tí ó ká ẹ̀yìn, tí etí rẹ̀ gùn, tí wọ́n sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kún ara rẹ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì. Ẹni tí kò bá mọ ìrìn ehoro kò lè yà á bẹ́ẹ̀. Ẹja òkun pàápàá wà nínú òmíràn, bẹ́ẹ̀ òkun jìnnà réré sí wọn.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ó ní ihò ní ìdí. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni wọ́n ń sin òkú sí, bí àwọn baba wa ti ń ṣe, wọn a lu ihò sí ìdí abọ́, wọn a sì fi dé òkú náà lórí. Nígbà tí owó wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan gbé katapílà wá, wọ́n ro ilé àti egungun pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ nítorí abọ́ títà, títí òfin ìpínlẹ̀ náà fi dáàbò bo irú sàréè bẹ́ẹ̀, kódà lórí ilẹ̀ oníkálukú, ní ọdún 1989. Kí a má tàn ara wa, inú mi kò dùn tán bí mo ti ń wò wọ́n.

Ní àwọn ọdún 1930, Mary Colter, obìnrin ayàwòrán ilé kan, kó àwòrán wọ̀nyí sára àwo ìjẹun fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Santa Fe, àwọn kan sì ń ṣe àfarawé rẹ̀ tà títí di òní. Irú ìyẹn ni mo lè rà fún ọ láìdààmú òkú ẹnikẹ́ni. Kọ̀wé sí mi bóyá ehoro ni o fẹ́ tàbí àparò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.