Ta Ni Àwọn Obìnrin Inú Fótò Yẹn?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Fótò tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Ẹ̀yin náà á rántí rẹ̀: obìnrin mẹ́fà tò síwájú ògiri sítéṣọ̀n rélùwéè Òṣogbo, ọmọ kékeré kan ń yọjú láàárín wọn, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àwọn ìyá wa ní Òṣogbo láyé àtijọ́."

Ayé àtijọ́ wo? Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo kí 1910 tó pé. Láti ìgbà náà títí di àná, ayé àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá ta sì ni? Ẹni mẹ́fà tó ní orúkọ, tó ní oríkì, tó ní ọjà tí wọ́n ń ná, ẹ dà wọ́n pọ̀ bí ẹni da gàrí sínú àpò kan ṣoṣo. Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ onífótò ni mí, irú nǹkan báyìí máa ń dùn mí dé egungun.

Ọ̀nà Sítéṣọ̀n ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Aṣọ tí wọ́n ya òkun àti ọkọ̀ òfuurufú sí ni wọ́n ta sẹ́yìn àga. Tábìlì kékeré kan wà níbẹ̀, òdòdó oníke wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú rédíò kan tí kò sọ̀rọ̀ rí. Aago ọwọ́ kan tún wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọkùnrin tí kò bá ní tirẹ̀. Aago náà ti kú tipẹ́. Bí ẹ bá rí fótò àwọn géńdé Òṣogbo ìgbà yẹn, tí agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni wọ́n ti yà á.

Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ ya fótò, á kọ́kọ́ lọ wẹ̀. Alápatà á bọ́ aṣọ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, á yá agbádá. Bàbá mi kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n ní ẹni tó sanwó fótò, ọlá ló wá rà, kò wá ra òógùn. Ìdí nìyí tí fótò ayẹyẹ fi kún ilé wa gbogbo, ìkómọ, ìgbéyàwó, ọdún iléyá, Kérésìmesì, tó sì jẹ́ pé bí ọmọ bá béèrè pé iṣẹ́ kí ni bàbá bàbá mi ṣe jẹun, ẹnu nìkan la ó fi dá a lóhùn.

Aláró ni ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. N kò ní láti ṣàlàyé èyí fún ọmọ Òṣogbo, ìlú aró ni wọ́n ń kì wá. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn náà ní kékeré, pé igi wó sínú odò, Ọ̀ṣun sì ké láti ìsàlẹ̀ omi pé, "Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Inú ọ̀rọ̀ ìkòkò aró ni wọ́n ní orúkọ ìlú yìí ti jáde. Ẹ wá ka fótò tó wà nílé yín, kí ẹ wo iye tí ìkòkò aró wà nínú rẹ̀.

Ìyá mi á gún ewé èlú, wọ́n á sù ú róbótó, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á da èlú sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ á fi gba gbogbo àdúgbò. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ ti inú ìkòkò jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú ẹni, bí ẹni pé ilẹ̀ ń ṣú sára rẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi ṣú bákan náà, láti èékánná dé igunpá. Ọṣẹ dúdú kò ràn án, kàn-ìn-kàn-ìn kò ràn án. Mo ní fótò mẹ́rìnlá tí bàbá mi ya ìyá mi lórí àga ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọwọ́ wọn kò hàn nínú ẹyọ kan. Bí kò bá sí lábẹ́ ìborùn, á wà lábẹ́ ọmọ tí wọ́n gbé lé itan. Lára aṣọ tí wọ́n ń rẹ nígbà náà ni adìrẹ jubilee wà, èyí tó ní àwòrán Ọba George Karùn-ún àti olorì rẹ̀, tí wọ́n fi sàmì ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ lórí oyè ní 1935. Ọba Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ ọ̀nà Òṣogbo wà lórí aṣọ. Obìnrin tó rẹ aṣọ náà ń fi ọwọ́ pamọ́.

Fótò kẹẹ̀ẹ́dógún wá wà. Fíìmù tí bàbá mi ń lò, ojú méjìlá ló ní. Bí ojú kan tàbí méjì bá kù, tí oníbàárà sì ń kánjú, wọn kì í dúró de ẹlòmíràn. Wọ́n á gbé kámẹ́rà jáde, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí ohunkóhun tó bá wà níwájú wọn, kí wọ́n lè rí fíìmù náà fọ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Ìparí fíìmù" ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, wọ́n á ní ta ló fẹ́ sanwó rẹ̀. Inú négátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ tí dúdú rẹ̀ ń hàn bíi funfun, ló wà títí wọ́n fi kú, inú rẹ̀ ni mo sì ti bá télọ̀ tó gbé maṣínì lérí, lọ́rì tó taku lójú pópó tí èrò inú rẹ̀ sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ, apẹ̀rẹ̀ obì tí wọ́n tò dé òkè ní sítéṣọ̀n, ọmọ mẹ́ta tó ń ti táyà, àti ìyá mi. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, aṣọ ń kán omi lọ́wọ́ wọn, wọ́n yí ojú padà, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì hàn gbangba, ó dúdú dé igunpá bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́. Mo fi hàn wọ́n kí wọ́n tó dolóògbé. Wọ́n ní láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àwọn kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Bí ilé mi bá ń jóná, fótò yẹn ni màá kọ́kọ́ mú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má rò pé mo ń sọ pé fótò kì í purọ́. Ó ń purọ́ dáadáa. Ìyá ìbejì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, Kẹ́hìndé ti kú, Táyé nìkan ló kù. Bàbá mi ya Táyé lórí àga. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá òkùnkùn, èmi ni mo di páálí mú fún wọn lábẹ́ iná pupa. A bo ìdajì pépà, wọ́n tan iná sí ìdajì kejì, wọ́n kà á lẹ́nu, wọ́n pa á. A gbé páálí sí òdìkejì, wọ́n sún pépà kí àwòrán Táyé lè bọ́ sí ìdajì tó kù, wọ́n tún tan iná náà. Nígbà tí pépà wọ omi oògùn, ọmọ méjì ló ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, ìjókòó kan náà. Ìyá náà sunkún, ó sì dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ nígbà náà dípò ère ìbejì. Àmọ́ bàbá mi mú pẹ́ńsù, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn fótò náà pé, "Táyé nìkan ló jókòó," wọ́n sì kọ ọdún sí i. Bí ọmọ-ọmọ ilé yẹn bá gbé fótò náà wò lónìí, ojú rẹ̀ á ka ọmọ méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa sọ òtítọ́ fún un.

Nígbà tí bàbá mi kú, ẹbí pín ilẹ̀, wọ́n pín àga, wọ́n pín aago tó kú yẹn pàápàá. Kò sẹ́ni tó béèrè négátíìfù. Páálí mẹ́sàn-án ni, orí àjà ni wọ́n kó o sí, páànù ibẹ̀ sì ń jò. Nígbà tí mo fi máa gùn ún dé ibẹ̀, òórùn bíi fíníígà ló pàdé mi. Bí fíìmù àtijọ́ bá ti ń jẹrà, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ ìjẹta. Páálí méjì ni mo rí gbà là. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n da pàǹtí náà nù kí eku má baà kóra jọ. (Wọ́n máa ń ka ìwé ìròyìn yín. Ìdí nìyẹn tí orúkọ mi kò fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ó wà lẹ́yìn rẹ̀.)

Ẹni tó bá ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé, kó kó o kúrò níbi ooru àti ọ̀rinrin, kó sì ya èyí tó bá ti ń rùn sọ́tọ̀. Pẹ́ńsù ni kó fi kọ̀wé sẹ́yìn fótò, ní etí rẹ̀. Yíǹkì bírò máa ń yọ sí iwájú. Kó má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kò sì dìgbà tó bá ní maṣínì olówó ńlá kó tó rí ohun tó wà nínú négátíìfù: kó tan fóònù kan kí ojú rẹ̀ funfun báláú, kó gbé négátíìfù sókè rẹ̀ díẹ̀, kó fi fóònù kejì yà á, kó wá yí dúdú rẹ̀ padà sí funfun nínú fóònù náà. Bí mo ṣe rí ìyá mi nìyẹn.

Ẹnìkan á ní fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé báyìí, kí ni mo wá ń pariwo fún. Ẹ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, kí ẹ wo bí ọwọ́ ṣe ń lọ sókè bí Arugbá bá ń bọ̀. Fótò Arugbá kò lè wọ́n wa láéláé. Láti 2005 tí UNESCO ti kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún gbogbo àgbáyé, fótò Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, òyìnbó tó kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ láti mọ ère sínú igbó náà, kò wọ́n wa. A mọ Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tó bá wọn fi sìmẹ́ńtì mọ ère. A mọ Kasali Akangbe tó gbẹ́ igi. Wọ́n ríire, ẹnìkan kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì, tí wọ́n ń pọn omi láti odò ńkọ́? Fótò tí a sì ń fi WhatsApp ránṣẹ́ síra wa, ọjọ́ tí a yà á kì í bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Bí fóònù bá bọ́ sómi, ó parí.

Ọkùnrin kan tilẹ̀ wà tó mú ohun tí bàbá mi fi ń parí fíìmù, tó fi ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. J.D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968. Ó ya fótò irun tó tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ló máa ń yà jù, níbi tí ọwọ́ onídìrí ti hàn. Irun tí wọ́n á tú lọ́sẹ̀ méjì sí i!

Mo gbìyànjú rẹ̀ fúnra mi lóṣù tó kọjá, ní ọjà Ìgbọ̀nà. Mo na fóònù sí ìyá aláta kan, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi mí ta ni?" Wọ́n jàre. Ọ̀pọ̀ ló ti yà wọ́n lọ tí kò padà wá. Mo ra ata, mo jókòó, mo sọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn, wọ́n ní kí n yà á. Nígbà tí mo tẹ fótò náà lé wọn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n ti igbá ata sápá kan, wọ́n ní kí n wá ya èyí tó dáa. Mo ya méjèèjì, mo sì kọ orúkọ wọn, ọjà wọn àti ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́dọ̀ yín kò pọ̀. Ẹ fún wa ní igun kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ tẹ fótò àtijọ́ kan síbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà sí orí olúkúlùkù, kí àwọn òǹkàwé fi orúkọ ránṣẹ́. Àwọn àgbà tó lè dá wọn mọ̀ ṣì ń bẹ ní Ọjà Ọba, ní Ayétòrò, ní Olúọdẹ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dín kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́fà yẹn.

Mo ti gbé awò sójú, mo wò wọ́n títí. N kò mọ márùn-ún. Àmọ́ ẹni kẹrin láti ọwọ́ òsì, èyí tó ga díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ: ọ̀sán gangan ni wọ́n yà wọ́n, òjìji wọn kò kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ooru sì ti mú kí àwọn yòókù tú ìborùn sí èjìká. Òun nìkan ló ká tirẹ̀ bo ọwọ́ méjèèjì dé igunpá. Aláró ni. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Onífótò,
Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.