Ẹ̀gbọ́n mi, igi kọ́ ni kò tó

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ má bínú pé èsì pẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní Buxton, ní England níbí. Ara mi le. Ṣé Màmá ń lo oògùn wọn?

Ẹ ní oníbàárà dá láìmù yín (òkúta ẹfun tí ẹ ń sun ní ìléru) padà, pé bóyá igi ni kò tó, bóyá àjẹ́ ni. Owó igi tí ẹ béèrè, n kò tíì fi ránṣẹ́. Kì í ṣe pé mo háwọ́. Igi tí ẹ ń jó ti tó. Gáàsì inú ìléru ni kò rọ́nà jáde.

Bí òkúta ẹfun bá gbóná dáadáa, ó ń pín sí láìmù àti gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide. Ṣùgbọ́n láìmù yẹn náà tún ń gba gáàsì yẹn padà, á tún di òkúta. Méjèèjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gáàsì bá há sínú ìléru tó sì pọ̀ tó, iye tó ń pín àti iye tó ń padà á dọ́gba. Lójú yín, nǹkan kan ò yí padà mọ́, igi sì ń jó lọ. Ní 800°C, bí carbon dioxide bá ti tó nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Ó dìgbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí 900°C kí òkúta tó lè máa pín bí gáàsì náà tilẹ̀ kún ibẹ̀ pátápátá. Èéfín igi fúnra rẹ̀ sì ní carbon dioxide nínú! Ta ló ní kí wọ́n fi páànù bo ẹnu òkè?

Ẹ ṣí i. Ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Kí òkúta tó ìkúùkù, kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: wẹ́wẹ́ á dí àlàfo, ńlá kò ní jóná dé inú. Ẹ má sì fi iná àjùlọ san án o. Láìmù tó bá kọjá 1,200°C máa ń le gbagidi, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Bí iná bá kú, ẹ má tíì bo òkè, torí bí ó ṣe ń tutù ló tún ń wá gáàsì tí yóò gbà. Tó bá tutù tán, inú nylon ni kí ẹ dì í sí lọ́jọ́ náà, kí ẹ so ó pinpin.

Ṣé ẹ tilẹ̀ ń wọ̀n ọ́n? 100 kg òkúta tó mọ́ gaara yẹ kó dá 56 kg láìmù padà. 44 kg yòókù bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹ bá kó 75 kg jáde, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún òkúta náà ṣì wà bó ṣe wà. Ìyẹn ni oníbàárà yín dá padà, kì í ṣe àjẹ́.

Ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣì ń sùn sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ìléru? Carbon dioxide wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń kó sí, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ lé wọn kúrò níbẹ̀ lónìí.

Owó òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ Ìyá Bọ́lá. Ẹ wọn ẹrù kan kí ó tó wọná, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi iye méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Bí ó bá sún mọ́ 56 nínú ọgọ́rùn-ún tí igi ò sì tó, n óò fi owó igi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. N kò ṣahun o.

Àbúrò yín,
Táíwò