Kì Í Ṣe Ọmọ Tó Rù Nìkan Ni Ebi Ń Pa

Sí Olóòtú,

Bí a bá ti gbọ́ pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń fi ebi pa ara rẹ̀ kó lè tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ tó rù kan eegun ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í. Ọmọ tó ṣì sanra lè ti dín oúnjẹ kù débi pé ọkàn rẹ̀ kò lù bó ṣe yẹ mọ́, kí àwọn àgbà sì máa kí i kú oríire pé ara ti ń fúyẹ́.

Nígbà ìbàlágà, dandan ni kí ọ̀rá pọ̀ sí i ní ìbàdí àti itan ọmọbìnrin. Àkókò yẹn gan-an ni àwòrán tí wọ́n ti tún ṣe máa ń kún inú fóònù rẹ̀. Ẹ wo Fíjì, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, níbi tó jẹ́ pé ara tó kún ni wọ́n ń gbóríyìn fún tẹ́lẹ̀. Ọdún 1995 ni tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé léèrè lọ́dún náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní òun ń bì nítorí kí òun lè fọn. Ní 1998, wọ́n ti ju 1 nínú 10 lọ.

Àwọn kan ní agídí ni ọmọ tí kò jẹun ń ṣe. Láàárín 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí dín oúnjẹ ọkùnrin 36 kù fún nǹkan bí oṣù 6. Géńdé onílera ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó ń ṣe fáàrí níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọn ò fi rí nǹkan mìíràn rò ju oúnjẹ lọ: wọ́n ń ka ìwé ìdáná, inú ń bí wọn sódì. Nígbà tí oúnjẹ padà dé, àwọn kan jẹ, jẹ, jẹ, wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Ebi kúkú kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Bí ti ọmọ tó fo oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán náà ṣe rí nìyẹn. Lálẹ́, á jẹ àjẹjù ní ìkọ̀kọ̀, ojú á tì í, á lọ bì í, á sì tún gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti fi dí i. Oògùn ìyàgbẹ́ tí àwọn mìíràn ń lò láti fi fọn kò yọ ọ̀rá rárá: ìfun kékeré ti gba èròjà oúnjẹ tán kó tó dé ìfun ńlá tí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Omi àti potassium, èròjà tó ń jẹ́ kí ọkàn lù bó ṣe yẹ, ló ń gbé jáde. Bí potassium bá wálẹ̀ jù, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Ẹ̀yin òbí, bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró fún oṣù 3, bí òtútù bá ń mú ọmọ nígbà gbogbo, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tó bá dìde, ẹ fura. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ ka ìlù ọkàn rẹ̀ lọ́rùn-ọwọ́ fún odindi ìṣẹ́jú 1. Bí kò bá pé 50, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Nílé, oúnjẹ 3 àti ìpápánu 2 tàbí 3 lójúmọ́, kí àlàfo má ju wákàtí 4 lọ. Kí àgbà kan jókòó tì í, kó má sì tètè dìde lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má bá a jiyàn nídìí àwo. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni kí ẹ máa sọ. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kúrò nílé. “Ara rẹ ti ń yá” pàápàá, “o ti sanra” ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má ki oúnjẹ fún un lójijì: phosphate, èròjà kan tí ara nílò, lè já wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè pa á. Dókítà ló gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó máa fi kún oúnjẹ náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin oníròyìn, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má kọ iye kílò tàbí ọgbọ́n tí ọmọ fi ń tan òbí jẹ. Ọmọ mìíràn tó ń kà á á sọ ọ́ di ìlànà. Ẹ fi àwòrán eegun náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́