Ọjọ́ méjì lọ́dún: ohun tí ẹ fò nínú ìtàn Van der Capellen

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Nínú àyọkà tí ẹ gbé jáde lórí Joan Derk van der Capellen tot den Pol, ọ̀tọ̀kùlú ilẹ̀ Nẹ́dálándì tí wọ́n bí ní 1741, ìwé pélébé rẹ̀ nìkan lẹ tẹnu mọ́. Lóòótọ́, ìwé pélébé náà, *Aan het Volk van Nederland* ("Sí àwọn ará Nẹ́dálándì"), kì í ṣe ohun kékeré. Òru ọjọ́ 25 mọ́jú ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1781 ni wọ́n fọ́n ọn káàkiri ìlú, láìsí orúkọ òǹkọ̀wé lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di ẹni àwọn àgbẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ẹ ò sì fẹnu bà á.

Ní ìpínlẹ̀ Overijssel, àwọn ajẹ́lẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní *drost*, oníkálukú pẹ̀lú àgbègbè tirẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ àwọn ni kí àgbẹ̀ wá sin àwọn lọ́jọ́ méjì lọ́dún láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá lè wá, kó sanwó dípò. Ọjọ́ méjì lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ fi iye àgbẹ̀ àgbègbè kan sọ ọ́ di púpọ̀ ná.

Ibi tó ti burú ni pé wọ́n ti fòfin pa iṣẹ́ yìí rẹ́ láti 1631! Òfin ń sùn nínú ìwé, àwọn ajẹ́lẹ̀ ń gba iṣẹ́ wọn lọ. Van der Capellen, tó wọ ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀tọ̀kùlú Overijssel ní 1772, hú òfin náà jáde ní 1778, ó sọ ọ́ lójú wọn nínú ìpàdé, ó sì tún tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde kí ará ìta lè kà á. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí sì jókòó sínú ìgbìmọ̀ kan náà. Wọ́n lé e síta. Ó di 1782, lẹ́yìn tí ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń rọ́ wọlé, kó tó padà sórí àga rẹ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ó fẹ́ kí gbogbo èèyàn dọ́gba. Rárá o. Ọlọ́lá tó ń bá ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà ni. Nínú ìwé pélébé náà, ó fi orílẹ̀-èdè wé ilé-iṣẹ́ òkòwò ńlá: àwọn tó dá owó sí i ló ni ín, àwọn tó ń darí rẹ̀ kàn ń ṣiṣẹ́ fún wọn ni. Ó ní kí àwọn aráàlú ra ìbọn, kí wọ́n fúnra wọn yan ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún wọn. Kò sọ pé kí a wó ilé ọlọ́lá.

Ti Amẹ́ríkà tí ẹ mẹ́nu kàn péye: ní 1775, nígbà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ yá àwọn ọmọ ogun Scotland tó wà lábẹ́ Nẹ́dálándì láti fi bá Amẹ́ríkà jà, Van der Capellen ta kò ó gbangba.

Ní ti pé ó "sinmi ní àlàáfíà" lẹ́yìn tó kú ní 1784, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ gbólóhùn yẹn. Àwọn ọmọ ogun Prussia wọlé ní 1787 láti ran Wíllíamù Karùn-ún, olórí (*stadhouder*) ilẹ̀ Nẹ́dálándì tí àwọn ẹgbẹ́ Van der Capellen ń ta kò, lọ́wọ́. Ní 1788, ẹ̀tù ìbọn ni àwọn alátìlẹyìn Wíllíamù fi fọ́ ibojì Van der Capellen ní Gorssel túútúú.

Bí ẹ bá máa tún àyọkà náà tẹ̀, ẹ fi 1631 ṣáájú 1781.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín