Béárì Tó Ru Ẹrù Dé Róòmù

Ẹ̀yin ará nínú Krístì,

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wá fi òróró yan àwọn ọmọ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdébìnrin kan na ìka sí àmì oyè Bíṣọ́ọ̀bù tó wà lára ìwé ìsìn. Ó ní, "Fàdá, ta ló ni fìlà yìí? N ò rí orí lábẹ́ ẹ̀." Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ìbéèrè gidi ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Fìlà aláwọ̀ ewé ni, etí rẹ̀ gbòòrò bí akẹtẹ̀. Wajawaja mẹ́fà rọ̀ sílẹ̀ lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Bí ẹ bá ka mẹ́wàá-mẹ́wàá, ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà nìyẹn. Ti kádínà pupa, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kì í dé e mọ́. Orí ìwé nìkan ló kù sí. Ipò ni fìlà ń sọ. Inú asà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni oríkì ẹni náà wà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Joseph Ratzinger. Nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Munich ní Jámánì lọ́dún 1977, ó fi béárì tó ru ẹrù sínú asà rẹ̀. Ìtàn Corbinian Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ kan ní agbègbè Munich yẹn, ni. Ó ń lọ sí Róòmù ni béárì já lu ẹṣin tó ń bá a ru ẹrù, ó sì pa á. Corbinian bá ẹranko náà wí, ó kó ẹrù ẹṣin, ó dì í lé e lẹ́yìn: ìwọ lo pa á, ìwọ ni wàá rù ú. Béárì sì rù ú dé Róòmù.

Olùkọ́ yunifásítì ni Ratzinger, ìwé ló wù ú. Ó rí ara rẹ̀ nínú ẹranko yìí, àti nínú Orin Dáfídì 73, níbi tí onísáàmù ti ní òun dà bí ẹranko níwájú Ọlọ́run, síbẹ̀ òun wà lọ́dọ̀ Rẹ̀ nígbà gbogbo. Lọ́dún 1981 ni Póòpù John Paul Kejì pe òun náà sí Róòmù. Nígbà tó di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún lọ́dún 2005, ó mú béárì rẹ̀ dání wọnú àmì tuntun, tòun ti ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.

Bí Corbinian ṣe dé Róòmù ló tú béárì tirẹ̀ sílẹ̀ pé kó máa lọ. Ratzinger ní tirẹ̀, Róòmù ni ẹrù ti wúwo sí i. February 28, 2013, nígbà tó fi ipò póòpù sílẹ̀, ló tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti pé ẹni ọdún 85.