Ẹ bèèrè nọ́ńbà katiríìjì yín

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọdẹ wa n'Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, wọ́n á kàn ní kí wọ́n fún àwọn ní katiríìjì, ìyẹn ìdì ọta ìbọn tí ọta wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀, ni, wọn ò ní wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ wà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i lọta inú ẹ̀ ń kéré sí i, ọta BB, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà kọ dípò nọ́ńbà, sì tóbi ju nọ́ńbà 4 lọ dáadáa. Kí lèèyàn fẹ́ fi BB ṣe lára àparò? Témi o, 4 fún ọ̀yà, 6 fún àparò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ẹran ìgbẹ́ lójú títì Ṣàgámù, ẹ fọwọ́ wá ọta inú ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sè é, torí òjé ni, májèlé ni, ó sì lè kán yín léyín.

Ọdẹ kan, Ìjẹ̀bú-Igbó